Ọgbà Tí Màámi Fi Ń Pe Èèyàn

Bí òjò bá ti rọ̀ sórí ẹfinrin báyìí, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí ọdún tí Màámi kó wá sọ́dọ̀ wa ní Àgùdà. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ papòdà ní Iléṣà nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi ní kò yẹ kí ìyá àgbà máa dá gbé inú ilé ńlá, la bá lọ mú un wá sínú fúláàtì ìsàlẹ̀ tí à ń gbé. Èrò rere ni, àmọ́ àwa méjèèjì kì í sí nílé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a fi ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú ká tó wọlé. Obìnrin tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tajà, tó jẹ́ pé ìkíni lásán lè mú un pẹ́ lójú ọ̀nà, wá di ẹni tó ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ń padà sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ta ló máa wà níbẹ̀ bí àìsàn bá dé sí i?

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ilé wa àti géètì, tí onílé kò da síméńtì sí. Mo ní màá fi dá ọgbà tó máa mú inú Màámi dùn. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Tòmátì níhìn-ín, kùkúńbà lọ́hùn-ún, òdòdó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti létúùsì tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ nílé wa. Ẹ wo èmi tí mi ò gbin àgbàdo kan rí, tí mò ń ṣàlàyé iṣẹ́ oko fún ọmọ àgbẹ̀! Màámi gbọ́ mi títí mo fi sọ tán.

“Ta lo fẹ́ gbìn ín fún?”

“Ẹ̀yin náà ni, Màámi.”

“Èmi? Ṣé ewúrẹ́ ni mo jọ ni, tí o fẹ́ kí n máa jẹ ewé tútù? Ọjà Ọ̀yìngbò ni gbogbo èèyàn ti ń ra tòmátì, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Gbin ohun tí wọ́n máa wá tọrọ.”

Bí a ṣe gbin ewúro, ẹfinrin, ewé tíì àti àbámọdá nìyẹn. Màámi fúnra rẹ̀ ló yan àyè. Ewúro, tí àwọn èèyàn máa ń wá jù, ló ní ká gbìn sí ìparí pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òun, kí ẹnikẹ́ni má baà lè já a láìkọ́kọ́ kí òun. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọgbọ́n àgbàlagbà lásán ni.

Àǹtí aránṣọ tó ń gbé òkè wa ló kọ́kọ́ wá. “Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹfinrin díẹ̀ ni mo fẹ́, inú ló ń run ọmọ mi.” Ẹfinrin tí kò pé ìkúnwọ́ gbà á ní odidi ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará òdìkejì títì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Màámi kì í gbowó ewé àgbo, ìròyìn ló ń gbà. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, òun ló ń sọ fún mi ẹni tó bímọ àti ẹni tó fẹ́ kó kúrò ládùúgbò.

Àfi bí ikọ́ ṣe mú un, tí mo sì pinnu pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé láàárọ̀, mo ń dì í sínú ọ̀rá, mo ń fi kọ́ géètì kí oníkálukú mú tirẹ̀ kó máa lọ. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá báàgì Màámi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán.

“O ti lé àwọn èèyàn mi tán,” ló wí.

“Màámi, mi ò lé ẹnikẹ́ni o. Mo ní kí ẹ máa sinmi ni.”

“Ilé làbọ̀ sinmi oko. Oko wo ni mo lọ?”

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Èmi bọ́ aṣọ lọ́rùn ìyá mi, mo tún ń retí kó dúpẹ́! Ojú tì mí. Mo já gbogbo ọ̀rá náà kúrò lára géètì, mo gòkè lọ bẹ Àǹtí aránṣọ pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá.

“Háà! Mo ti rò pé ẹ ò fẹ́ ká máa wọlé mọ́ ni o,” ló sọ, ó sì ti ń wá bàtà rẹ̀.

Màámi kò dárúkọ Iléṣà mọ́ pé òun ń padà lọ. Ó gbó sí Àgùdà. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo lọ jókòó sínú ọgbà náà, kí n lè dá sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí mi. Géètì dún, Àǹtí aránṣọ wọlé. Mo nu ojú, mo dìde kí n já ewúro fún un.

“Ẹ jókòó, jàre,” ló sọ. “Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn.”

Ó jókòó tì mí. A ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ẹlòmíràn fi tún kan géètì.

Ọgbà mi kò lẹ́wà títí di òní, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Àmọ́ àárò Màámi ń sọ mí, mi ò sì tíì dá nìkan jókòó ti àárò náà pẹ́ rí.