Géètì Tí Felix Fi Sílẹ̀

Láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní Agége títí dé ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, bí ènìyàn bá pariwo "Tú u!" lójijì, ẹni tó bá ti gba ọwọ́ Tíṣà Bọ́sẹ̀dé kọjá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á fò dìde lórí àga. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni obìnrin náà fi kọ́ ọmọ tó kún pápá ìṣeré ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kì í nà wọ́n, kì í bú wọn. Á kàn gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á wò ó bí dókítà ṣe ń wo àwòrán egungun, á sì dá a padà. "Tú u." Àwọn kan tó ti di ọ̀gá ní báńkì ní Ọ̀pẹbí báyìí ṣì ń lá a lálàá.

Iṣẹ́ tó fi ń dá wọn lágara yìí, kírọ́ọ̀sì-sítíìṣì ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Aṣọ kánfáàsì tó ní ihò wínníwínní ni wọ́n fi ń ṣe é. Òwú kan á gba ìdábùú láti ihò kan sí èkejì, òwú kejì á gùn ún lórí, wọn á kọjá lára ara wọn bí ẹsẹ̀ àga oníkíká. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: òwú tó wà lókè gbọ́dọ̀ fì sí ìhà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹyọ kan bá fì sódì, ìmọ́lẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀, ojú ibẹ̀ á dà bí irun tí wọ́n yà síbi tí kò yẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ "Tú u" Bọ́sẹ̀dé. Ọkọ rẹ̀ ni, Felix, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Adéìfẹ́.

Èkìtì ni àwọn méjèèjì ti wá sí Èkó. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe kúbùsù ní Ìkẹjà ni Felix ti ń tún ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń wúkọ́, Felix á gbé etí lé e lára, á ní, "Ọ̀fun ló ń dùn ún," á na ọwọ́ òsì wọnú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbéra. Òyìnbó tó kó ẹ̀rọ wọ̀nyẹn wá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Felix àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi iṣẹ́, wọ́n bá ṣéènì lára géètì, àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun sì wà lẹ́nu rẹ̀. Máìgádì tó máa ń kí wọn lójoojúmọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ ṣe tán nìyẹn.

Felix wá di ẹni tó ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé náà ti fẹ̀yìntì nígbà náà. Ló bá ki abẹ́rẹ́ àti kánfáàsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Felix. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára kó lè máa fi ọ̀tún jẹun, kó lè máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ti iṣẹ́, òsì ló gbọ́n. Nítorí náà, ó jókòó kọjú sí Bọ́sẹ̀dé bí ẹni tó jókòó síwájú dígí, ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó bá ṣe ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí aṣọ àkọ́kọ́ parí, gbogbo òwú òkè rẹ̀ pátá ló fì sí òdìkejì tìyàwó.

"Bàbá Adéìfẹ́, iṣẹ́ yín fì sódì o."

"Sódì ta? Níbi tí mo jókòó sí, tìẹ ló fì sódì, Tíṣà."

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín wọ ilé náà. Ó wá dá ẹjọ́ náà bí adájọ́ pé, "Kò burú. Ẹ ní ìhà tiyín, mo ní tèmi. Àmọ́ aṣọ kan, ọwọ́ kan. Ẹ ò ní fọwọ́ kan tèmi, èmi náà ò ní fọwọ́ kan tiyín."

Báyìí ni tìmùtìmù, aṣọ orí tábìlì àti kọ́tìnnì ilé náà ṣe di irú méjì, tó jẹ́ pé afọ́jú lè fi ìka mọ èyí tí ọkọ ṣe yàtọ̀ sí tìyàwó.

Ọ̀sán Sátidé ni ọjọ́ àsáró. Iṣu tó ti gbó ni Bọ́sẹ̀dé máa ń wá, nítorí omi ti pọ̀ jù nínú tuntun. Á gé kékeré mọ́ ńlá, kí kékeré lè yọ́ di ọbẹ̀, kí ńlá lè kù fún eyín. Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ọwọ́ ló fi ń gún un lódó. Epo pupa á tẹ̀lé e, edé á tẹ̀lé e, àti ẹja gbígbẹ tó ti yọ egungun rẹ̀ kúrò. Bí iṣu bá ti rọ̀, á fi ṣíbí onígi rò ó díẹ̀, á dé e, á dín iná kù. Òórùn rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá á sì dín eré kù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó lọ bi awakọ̀ léèrè.

Felix á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. "Èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ńkọ́?"

"Mi ò jẹ́ kó jó."

"Ìwà ìkà nìyẹn, Tíṣà. Ìdí ìkòkò gan-an ni oúnjẹ."

Lẹ́yìn náà ni Felix bẹ̀rẹ̀ aṣọ kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ kúbùsù náà ló ń yà sórí rẹ̀, láti inú orí ara rẹ̀, nítorí wọ́n ti wó ilé ọ̀hún, wọ́n sì ti ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn onírin. Ó ṣe ọ̀pá èéfín. Ó ṣe táńkì omi àti ìpẹtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣe fèrèsé tí wọ́n fi pákó dí, ó sì ṣe igi furúùtù tí wọ́n máa ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, àfi géètì. Àárín aṣọ funfun báláú.

"Géètì ńkọ́, Bàbá Adéìfẹ́?"

"Mo ń rò ó."

Ó ń rò ó títí. Kàkà kó ṣe géètì, ewé ló ń fi kún igi furúùtù.

Bó ṣe wà nìyẹn tó fi jí lọ́jọ́ kan, tí apá òsì rẹ̀ kò bá a jí. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé láti ọsibítù, ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ òsì tó ń wo ẹ̀rọ sàn sì sùn sórí itan rẹ̀ bí ẹyẹ tí òtútù pa. Ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fi jẹun. Dókítà kìlọ̀ pé oògùn tí wọ́n fún un, kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹun.

Adéìfẹ́, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó rí aṣọ náà níbi tí wọ́n ká a sí.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi èyí sínú férémù. Tí Dádì bá ń rí i lára ògiri, ara wọn á máa yá."

"Kò tíì parí."

"Géètì nìkan ló kù! Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Bọ́sẹ̀dé. Bí Felix bá ti sùn lọ́sàn-án, á gbé aṣọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ojú ara rẹ̀ rí géètì náà rí, nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n tì. Bó ṣe rí i ló ṣe ṣe é: irin dúdú, ṣéènì, àti àgádágodo tó fi òwú aláwọ̀ idẹ ṣe, tó ń dán gbinrin. Ó mọ̀ pé ìhà tòun ni òwú òkè fì sí. Ó ní géètì kékeré ni, kò ní hàn.

Nígbà tí Adéìfẹ́ padà wá, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí itan Felix. Ìka ọ̀tún rẹ̀ rìn lórí òrùlé, ó rìn lórí igi furúùtù, ó dé géètì, ó dúró.

"Ta ló tì í?"

"Màmá ló bá yín parí ẹ̀, Dádì! Ẹ wo bí àgádágodo yẹn ṣe ń dán."

Felix ti aṣọ náà sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, kò jẹun. Bọ́sẹ̀dé se ẹ̀wà rírọ̀ tí kò nílò eyín, ó gbé e wọlé, ó gbé e jáde. Omi nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti oògùn sẹ́yìn. Adéìfẹ́ pe fóònù pé bí ọjọ́ kan bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn á gbé e padà sí ọsibítù, kí wọ́n fa omi sí i lára. Bọ́sẹ̀dé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń tín-ín-rín sínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé ó lè kú báyìí.

Sùlíyá, aránṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá kejì, gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá.

"Bàbá Adéìfẹ́, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Èkìtì sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló pa yín. Ògì ni o, ẹ tọ́ ọ wò."

Ìdajì ẹnu Felix tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sì tún pa á dé.

Ní ìta, Sùlíyá fa Bọ́sẹ̀dé lápá. "Ẹ bá wọn jà ni?"

"A ò jà."

"Ẹ jà, Màmá. Nùréènì ọkọ tèmi, tó bá bínú, ìkòkò ló ń kojú sí. Èyí tó ń bínú tí kò jẹun, nǹkan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni. Kí lẹ fọwọ́ kàn tí kì í ṣe tiyín?"

Bọ́sẹ̀dé rántí: Aṣọ kan, ọwọ́ kan. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣòfin náà.

Ó gbé iṣu kaná, ó wọlé, ó fa àga síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré. Ó wá sọ ọ́ jáde ketekete, bí ìgbà tó dúró níwájú kíláàsì:

"Bọ́sẹ̀dé. Tú u."

Bẹ́ẹ̀dì dún. Felix ti yíjú padà.

Àgádágodo ló kọ́kọ́ tú. Ṣéènì tẹ̀lé e, irin dúdú tẹ̀lé e, òwú ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí irun lábẹ́ àga onígbàjámọ̀. Kò gbójú sókè títí àárín aṣọ fi funfun padà.

"Báwo ló ṣe rí gan-an, Bàbá Adéìfẹ́? Èmi ò mọ̀ ọ́n."

"Àárọ̀ ni. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń jáde. Àwa ń wọlé. À ń kí ara wa. Ó ṣí gbagada, apá méjèèjì."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, wọ́n tì í. Tí mo bá ṣí i, irọ́ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò sì lè fi ọwọ́ ara mi tì í."

Bọ́sẹ̀dé wò ó. Gbogbo ewé tó ń pọ̀ sí i lára igi furúùtù yẹn wá yé e.

"Àárọ̀ tí ẹ sọ yìí, ṣé ó ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀?"

"Ó ṣẹlẹ̀. Lójoojúmọ́."

"Ẹ ò purọ́ nígbà náà."

Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó fi sí ọwọ́ òsì. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀ bí ọkọ ṣe kọjú sí i nígbà kan. Ọwọ́ náà gọ̀ bí ọwọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Abẹ́rẹ́ gún un, ó wá ihò tì, ó ṣe ẹyọ kan tó wọ́ bí aláàrẹ̀. Felix na ọrùn, ó wò ó dáadáa.

"Tú u," ló wí.

Bọ́sẹ̀dé gbójú sókè. Ẹ̀rín gbé e, omijé náà gbé e. Ó tú u. Ó tún un ṣe, òwú òkè fì sí ìhà ọkọ rẹ̀, Felix sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wà lórí rẹ̀ tí òórùn kan fi wọlé.

"Ó ń jó," ni Felix wí.

Àsáró! Bọ́sẹ̀dé sáré jáde. Ìdí ìkòkò ti di dúdú. Ó fẹ́ bu ti òkè, ó dúró, ó ki ṣíbí onígi bọ ìsàlẹ̀, ó ha a dáadáa. Èyí tó jó gan-an ló bù sínú àwo gbé wọlé. Felix fi ọwọ́ ọ̀tún gba àwo, ó bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Bọ́sẹ̀dé dì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì títí ó fi rí i tó gbé e mì. Ó tún bù ú. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí oògùn.

Báyìí ni apá kan géètì ṣe ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án, láti ọwọ́ òsì ẹni tí kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tó parí, tó ku apá kejì, Felix na ọwọ́ ọ̀tún.

"Mú abẹ́rẹ́ wá."

Ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ láti jẹun kò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́. Bọ́sẹ̀dé di aṣọ mú fún un. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ó ṣìnà, ó tún wọlé. Òógùn bo iwájú orí Felix. Nígbà tí ẹyọ kan ṣoṣo dúró tán, ó fà sẹ́yìn sórí ìrọ̀rí.

Bọ́sẹ̀dé gbé aṣọ sókè síbi fèrèsé, bó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹyọ náà kéré, ó lọ́. Òwú òkè rẹ̀ fì sí ìhà tòun Bọ́sẹ̀dé, ó dá yàtọ̀ gédégédé lára gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Felix ń wò ó lójú, ó ń retí ọ̀rọ̀ náà.

Bọ́sẹ̀dé dá aṣọ padà sórí itan rẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ," ó wí, ó sì lọ wo iná.