Ẹrù Ọkọ̀ Òkun àti Irọ́ Ìbàdàn

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mi ò mọ̀wẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, omi tó pọ̀ jù tí mo sì mọ̀ dáadáa ni odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Orí afárá ni mo ti máa ń wò ó, nínú mọ́tò, pẹ̀lú fèrèsé tí mo ti pa dé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń gbé ní ìlú òyìnbó, pè wá lórí fóònù pé òun àti ọkọ òun fẹ́ mú èmi àti bàbá òun wọ ọkọ̀ òkun fún ọjọ́ méje gbáko, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Kí la ṣe fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọkọ̀ náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, pé a ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé orí omi la wà. Ọkọ mi, tó ń gbọ́ láti orí àga rẹ̀, ní tí a ò bá ní í mọ̀ pé orí omi la wà, ṣé kí a kúkú jókòó sí àdúgbò Ijapo wa ní Àkúrẹ́ níbí? Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Inú ọkùnrin náà ti dùn.

Oṣù márùn-ún la fi múra. Ohun tí mo kọ́ nínú oṣù márùn-ún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lọ lè gbà á lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tèmi ṣì ku oṣù mẹ́jọ, mo ti ń yọ̀, ọmọ mi ní rárá o, pé ó gbọ́dọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tí a bá padà sílé, bẹ́ẹ̀ a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà. Mo lọ ṣe tuntun. Físà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bàsẹ́lónà ni ọkọ̀ wa ti máa gbéra, yóò yà sí Ítálì, yóò yà sí Túnísì ní ilẹ̀ Áfíríkà, yóò tún padà sí Bàsẹ́lónà. Ẹni tó bá gba físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá ti bọ́ sí Túnísì, ọ̀nà àtipadà wọlé ti dí mọ́ ọn nìyẹn. Ìwọlé ọlọ́pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ sì bi àwọn ọlọ́kọ̀ nípa gbogbo ìlú tí wọ́n máa dúró sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìlú àkọ́kọ́ nìkan.

Ní ti oògùn, èmi ni ọ̀gá níbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi, mo fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, mo gba lẹ́tà dókítà mọ́ ọn, mo fi ti ọjọ́ mẹ́wàá lé iye tí a máa lò, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ọwọ́. Ìdí ni pé àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń gba àpótí ńlá lọ́wọ́ èèyàn ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá onítọ̀hún. Aṣọ ìpààrọ̀ kan, pásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì àti ìwé ìnṣọ́ránsì wà nínú àpò kan náà. Mo ra ata ilẹ̀ gbígbẹ ní Ọjà Ọba nítorí èébì, mo sì ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀.

Wàhálà áyọ́ọ̀nù wá dé. Ọ̀gá ilé ìwé ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì, láti ọjọ́ tí mo sì ti mọ̀ ọ́n, kò wọ ṣòkòtò tí ìlà rẹ̀ kò mú rí. Ọmọ wa ní wọn kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọ ọkọ̀, nítorí iná. "Ta ni yóò wá bá mi lọ aṣọ?" ni ọkọ mi bi í. Ọmọ náà ní wọ́n ń lọ aṣọ fún èèyàn nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ní kò burú. Mo mọ irú "kò burú" yẹn. Nígbà tí mo yẹ àpótí rẹ̀ wò, mo bá áyọ́ọ̀nù nísàlẹ̀, ó ti fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Mo yọ ọ́ jáde, mi ò sì pariwo jù, nítorí gààrí wà nísàlẹ̀ àpótí tèmi náà.

Àmọ́ òfin tó le jù nínú gbogbo ìmúra wa, kì í ṣe àwọn ọlọ́kọ̀ ló ṣe é. Ọkọ mi ló ṣe é: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ títí a ó fi lọ, tí a ó sì fi bọ̀. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, tí yóò sì fi ìka lé ètè bíi pé ọmọ kíláàsì kìíní ni mí. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tó ṣì ń kọ́ni, ó sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lókè òkun. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n dá owó, wọ́n ra àpótí aláwọ̀ ewé fún un. Ẹ́ńbásì ò fún un ní físà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí wọ́n fi ń bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì lọ ni?" Àpótí náà ṣì wà lórí wọ́dúróòbù wa, kò gbé e jáde rí. Nítorí náà mo gbà fún un. Nígbà tí télọ̀ mi bi mí pé ìnáwó wo ni mo fẹ́ fi aṣọ méjì lọ, mo ní mo fẹ́ máa fi wọ́n jókòó nílé ni.

Irọ́ télọ̀ ò dùn mí. Ti ìyá mi ló dùn mí.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Oǹdó ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́, pẹ̀lú ìbátan wa obìnrin kan tó ń tọ́jú rẹ̀. Tíṣà ni ìyá mi náà, tíṣà Áńgílíkà ayé àtijọ́, irú èyí tó máa ń fi ojú lásán mú ọmọ jẹ́wọ́. Èdè Oǹdó ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sọ, bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síhìn-ín, ọ̀pọ̀ yín ò ní í gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo máa ń lọ wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ìrìn àjò ku oṣù kan, mo sọ fún un pé yóò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mi ò ní í lè wá, pé èmi àti ọkọ mi ń lọ fún ìpàdé ìjọ ní Ìbàdàn.

Ó wò mí. "Ìpàdé ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Ìpàdé náà gùn, Màmá."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kì í gba àdúrà gbogboogbò, bó ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kíláàsì ló ṣe ń gbàdúrà. Ó bẹ Ọlọ́run kó la ojú dírẹ́bà wa. Ó bẹ̀ Ẹ́ nítorí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó mẹ́nu ba àwọn tírélà ọ̀nà Iléṣà, ó mẹ́nu ba Ifẹ̀, nígbà tó dé afárá Aṣéjírẹ́, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo ń ṣe àmín, àmín náà ò sì kọjá eyín mi. Bí mo ṣe ń padà sí Àkúrẹ́, mo rò ó pé àdúrà yẹn yóò gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ, kò ní í bá wa níbẹ̀, nígbà tí èmi tí mi ò mọ̀wẹ̀ yóò wà láàárín òkun. Ojú tì mí. Ẹ̀rù sì bà mí.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni fọ́ọ̀mù ọkọ̀ dé. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹnì kan nílé tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò bá wa lọ. Ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ ń bá wa lọ. Mo bi ọkọ mi pé ta la máa kọ.

"Kọ nọ́ńbà mẹkáníìkì mi."

"Ṣé tí ọkọ̀ bá rì, òun ló máa wá tún un ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, mo ti pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí, ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó gbé e ò tiẹ̀ mọ aláìsàn. Ìyá aláìsàn wà nínú ìlú yìí kan náà, ọjọ́ kẹta ló tó gbọ́. Mi ò ní í ṣe ìyá mi bẹ́ẹ̀. Mò ń lọ sí Oǹdó lọ́la."

Ó gbà, ó ní, "Bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé."

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkọ̀, òkun, físà, irọ́. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Gbogbo àmín tí o ṣe lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Inú kò bí mi. Àdúrà Ìbàdàn yẹn ò ní í ṣòfò, àwọn tó ń lọ Ìbàdàn lóòótọ́ pọ̀." Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ìwé máàpù rẹ̀ wá, èyí tó fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà kan. Mo fi ìka tọ ọ̀nà ọkọ̀ náà hàn án, ó sì kọ ìlú kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Kò dá bírò padà fún mi.

"Bí o ṣe sọ tìrẹ yìí, jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ṣubú."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó ní nínú balùwẹ̀ ni, ó ti lé ní oṣù kan. Wọ́n ti ya fọ́tò egungun, kò sí èyí tó ṣẹ́, orúnkún ló wú. Òun ló ní kí ìbátan wa má sọ fún mi. "Mo rí i pé nǹkan kan ń lé ọ sáré. Bí o bá jókòó, ọkàn rẹ kì í sí níbí. Mo ní kí n má dí ọ lọ́wọ́."

Nígbà náà ni mo rántí pé ìgbà mẹ́ta tí mo wá gbẹ̀yìn, orí àga ni mo bá a, orí àga ni mo fi í sílẹ̀, ẹni tó máa ń sìn mí dé géètì. Mo rò pé àgbà ló dé. Èmi nọ́ọ̀sì! Mo ti ka oògùn ọkọ mi, mo ti fi ti ọjọ́ mẹ́wàá kún un, mi ò sì ní kí ìyá mi dìde dúró kí n wò ó. Mo ká ìró rẹ̀ sókè, mo fọwọ́ kan orúnkún náà. Ó ṣì wú díẹ̀. Mo sunkún. Mo ní mi ò lọ mọ́.

"O máa lọ. Kí lo fẹ́ dúró wò, orúnkún?" Ó gbé ojú mi sókè. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ọ dúró. Ibi tí o wà ni mo fẹ́ máa mọ̀. Tí o bá ń sọ tìrẹ, èmi náà á máa sọ tèmi."

Lẹ́yìn náà ló wá gbàdúrà òkun, àmín mi sì dún dé ilé kejì. Kí a tó lọ, mo ní kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ rọ́bà síbẹ̀, mo sì bẹ nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ kó máa yà wò ó. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá sí Oǹdó wá dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi ní kó dìde, pé aṣọ rẹ̀ á rún.

Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó ku ọjọ́ kan kó gbéra tí a fi dé Bàsẹ́lónà. Ní èbúté, wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù jáde nínú àpótí ọkọ mi, mi ò mọ ìgbà tó dá a padà. Wọ́n gbà á pamọ́, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tó máa fi gbà á tí a bá ń bọ̀. Ó kí wọn dáadáa. A pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù wa kí ọkọ̀ tó ṣí, bí ọmọ wa ṣe wí, pé owó ìpè lórí omi ga jù, nítorí náà ó di ọjọ́ kẹta, nígbà tí a dúró ní Ítálì, kí n tó lè pe Oǹdó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí omi, oòrùn ń ràn, ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Láti ọdún tí mo ti ń pe ìyá mi lórí fóònù, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún mi: dáadáa ni, a dúpẹ́, kí àwọn ará ilé. Mo ní, "Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ó ní, "Orúnkún yìí dùn mí lánàá. Mi ò lè lọ sí ìsìn. Lónìí ó ti rọjú. Ìwọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé dáadáa ni. Mo ní, "Mo bì, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù omi yẹn bà mí débi pé mo sunkún."

Ọkọ mi ń juwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, pé kí n má dẹ́rù ba arúgbó. Mo yí ẹ̀yìn sí i.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá mi wí. "Jókòó dáadáa, kí o sọ ọ́ fún mi."