Ọmọ Kan Ṣoṣo Tí Verna Kò Mọ Ibi Tó Parí Sí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ tó gbá họ́kì orí yìnyín fún ẹgbẹ́ Àṣá ìlú Pelican Bend parí sí, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Fọ́tò ẹni méjì péré ni wọ́n gbé kọ́ ògiri níbẹ̀, àwọn méjì tó di olówó. Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹ lọ bi Verna Hnatiuk. Obìnrin tó gba ọmọ mọ́kànlélógójì sílé láàárín ọgbọ̀n ọdún, tó se oúnjẹ fún wọn, tó fọ aṣọ eré tó ń rùn bí òbúkọ, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀.

Báyìí la ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ẹgbẹ́ á lọ ṣa àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún wá láti ọ̀nà jíjìn, á pín wọn sílé-sílé, onílé á sì di ìyá wọn títí yìnyín á fi yọ́. Verna àti Orest ọkọ rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọmọ kan, Orest ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló di mọ́kànlélógójì. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é.

Á sọ fún yín pé Kirby ń wa ọkọ̀ àlìkámà ní Yorkton, pé Anton ń yọ eyín fún àwọn èèyàn ní Regina, òun tó jẹ́ pé mẹ́ta nínú eyín tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ lórí yìnyín wa. Ọ̀kan di àlùfáà. Ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n, Verna sì ń fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀kan ti kú, ó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í, á ní, "Ìyẹn wà níbìkan," á sì yíjú sí ìkòkò rẹ̀. Darcy Wiebe lorúkọ onítọ̀hún.

Ọdún kẹsàn-án tí Verna ti ń gba ọmọ ni Darcy dé. Ọmọ àgbẹ̀ láti Manitoba ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó rí gìrìwò bí ilẹ̀kùn àká, àmọ́ ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ yòókù bá jẹun tán, wọn á dìde fùú. Darcy á kó abọ́, á fọ̀ ọ́, á tún bi Verna pé ṣé ẹsẹ̀ kò dùn ún. Orest máa ń sọ pé eléyìí ni kí àwọn pa mọ́, kí wọ́n dá ìyókù padà. Ká má parọ́, Verna fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Kò yẹ kí ìyá ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣe é.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún tuntun dé, ẹnì kan fi gbogbo ara gbé Darcy lu pátákó tó yí yìnyín ká. Orí ló fi gbá a. Ó dìde, ó gbá eré náà parí, gbogbo wa sì ń hó yèè fún un, àwa aláìlójú. Láti ọjọ́ kejì ni Verna ti ń gbọ́ tó ń bì ní balùwẹ̀ láràárọ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rí i pé ó ti fi kúbùsù bo fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú. Nígbà tó bi í léèrè, ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti tán fún mi nìyẹn."

Verna ṣèlérí. Ó ní òun kò ní sọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi pa á mọ́ra. Ọmọ ń rù lójú rẹ̀. Ọmọ ń gbàgbé orúkọ ajá tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé. Ní Ọjọ́bọ̀, Russ Halvorsen yà láti mu kọfí. Russ ni kóòṣì ẹgbẹ́ Àṣá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń ká ilé àwọn ìyá, á jókòó ní kíṣìnì wọn, á jẹ páì wọn, á béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí gbogbo wa sì mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kíṣìnì, kíṣìnì ló ń gbé. Verna sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọmọ náà lọ rí dókítà, kó jẹ́ kó sinmi títí orí rẹ̀ á fi sàn. Russ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó ní ó ṣeun, òun á bójú tó o. Ó tún gbé páì kan lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ họ́kì á ti máa mi orí báyìí. Ọjọ́ kẹwàá ni ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ kan lè fi eléré rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ ti di tìrẹ nìyẹn, ara rẹ̀ ì báà yá, kó má yá. Kò sí ìyá kan ní Pelican Bend tí kò mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní títí dé ìkẹwàá, bí kóòṣì bá béèrè, ọmọ tó wà nílé rẹ kò ṣàìsàn, àárò ilé kò sọ ọ́, kò tilẹ̀ wúkọ́. Verna gan-an ló máa ń kọ́ àwọn ìyá tuntun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Russ ni. Verna rò pé nítorí àwọn kóòṣì burúkú ni àwọn ìyá ṣe ń pa ẹnu mọ́, kì í ṣe nítorí irú Russ.

Nígbà tí Verna fi ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, yàrá Darcy ti ṣófo. Ó ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Kò sí ìwé, kò sí ó dàbọ̀. Russ sọ fún un lórí fóònù pé ọmọ náà ló bẹ òun pé òun fẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, pé òun kò sì fẹ́ wàhálà ìdágbére. Ó ní dókítà ibẹ̀ ti gbọ́ nípa orí rẹ̀, kó má ṣèyọnu. Verna kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Darcy ní ẹgbẹ́ tuntun náà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣa lẹ́tà gbogbo ìlú lójoojúmọ́, kò sì rí èsì kankan níbẹ̀. Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó bínú, ìbínú náà sì jókòó sí i lára. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ tí òun fẹ́ràn jù lọ ló kẹ̀yìn sí òun.

Ní ọdún tó kọjá, ìlú pinnu láti fi orúkọ Russ sọ gbọ̀ngàn yìnyín wa. Ìgbìmọ̀ ní kí Verna bá àwọn kọ ibi tí àwọn ọmọ tí Russ kọ́ wà báyìí, kí wọ́n kà á sókè lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ó ku Darcy. Verna kì í ṣe ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ó pe ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Manitoba, ìyẹn júwe òmíràn, títí ó fi rí nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní ó ń sin kòkòrò oyin ní tòsí Winkler. Verna ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí òun fẹ́ sọ fún un, ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀gún nínú. Darcy kò jẹ́ kó débẹ̀.

"Ìyáàfin Hnatiuk, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó mi kúrò nílé yín. Kí lẹ tún ń wá mi fún?"

Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ láyé ìjọ́sí. Ó ṣàlàyé pé ní ọjọ́ kẹwàá yẹn, Russ pe òun wọ ọ́fíìsì. Russ ní Verna ti jábọ̀ fún òun pé ọmọ náà ń bì, pé ó ń gbàgbé nǹkan, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú Verna, Verna ń fẹ́ yàrá rẹ̀ padà. Wákàtí kan ni wọ́n fún un láti fi kó ẹrù. Ẹgbẹ́ tó gbà á kò gbọ́ nǹkan kan nípa orí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ sórí yìnyín, ibẹ̀ ni wọ́n ti tún gbá a lórí, họ́kì parí fún un lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì gbáko ni kò fi lè ka ìwé. Ó ní lẹ́tà Verna dé ọwọ́ òun, òun jù wọ́n sínú iná láì ṣí wọn. Kí Verna tó lè ní irọ́ ni, ó ti dágbére, ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọkùnrin tó jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá pàápàá, kíṣìnì Verna ló jókòó sí! Verna sáré lọ bá Olga Sawchuk, aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà ti gba ọmọ sílé rí. Olga gbọ́ ọ tán, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ bú Russ. Ó ní ọjọ́ wo ni Verna sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún un.

"Ọjọ́ kẹjọ," ni Verna wí.

"Ọjọ́ kẹjọ? Verna, ìwọ fúnra ẹ! Ṣé orí ẹ pé lọ́jọ́ náà?"

Verna bá Russ ní gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń wo àwọn tó ń kun orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Russ kò jiyàn. Ó ní bí họ́kì ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó máa gba ọmọ tí orí rẹ̀ ti fọ́ bí òun bá la ẹnu. Ó ní eléré méjì ni òun gbà ní ipò rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì jẹ́ ká gbé ife lọ́dún yẹn, ṣebí Verna náà jó lójú pópó. Verna ní ó dáa, kí ló dé tó fi sọ fún Darcy pé òun Verna ló lé e?

"Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ bínú sí ẹnì kan, Verna. Ó sàn kó bínú sí ẹ ju kó bínú sí ẹgbẹ́ lọ."

"Ẹnu wo lo wá fi ń jẹ páì mi láti ọjọ́ yẹn?"

"Páì ẹ dùn," ni Russ wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dàlẹ̀ ni mò ń pè é ní tèmi, kí wọ́n fi wúrà kun orúkọ rẹ̀ tó bá wù wọ́n. Ìgbìmọ̀ bẹ Verna pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́, kó má ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́. Ó fún wọn ní ìwé tó kọ, ó ní kí wọ́n máa kà á fún ara wọn. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, nígbà tí gbogbo ìlú ń wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn, òun wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wa wákàtí mẹ́fà dé Winkler. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí Darcy gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé òun kò lé e, kó sì padà di ọmọ òun.

Irun ẹ̀bátí Darcy ti funfun. Inú ilé ló wà, ó sì wọ awò dúdú. Lorna ìyàwó rẹ̀ gbé kọfí fún Verna, ó jókòó tì wọ́n. Verna ro gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ohun tí Russ sọ ní gbọ̀ngàn. Ó ní kò sí ọjọ́ kan tí òun rò ó pé kó kúrò nílé òun. Omi ti ń bọ́ lójú Lorna. Darcy yíjú sí Verna.

"Mo gbà yín gbọ́. Ó dáa bí mo ṣe wá mọ̀ pé ẹ ò lé mi."

Ara tu Verna pẹ̀sẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i lórí tábìlì. Darcy wo ọwọ́ náà, kò mú un.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Darcy. Mo rò pé wàá kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mo mọ̀. Russ kọ́ ló ń dùn mí, kóòṣì ni, mi ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sọ fún Russ. Ẹ̀yin ni mo sọ fún."

Verna mu kọfí rẹ̀ tán, ó dìde. Darcy sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó ní kó máa ṣọ́ àgbọ̀nrín lójú ọ̀nà. Kò sọ pé kó tún padà wá, Verna kò sì bi í.