Ahọ́n Irin Tí Theophilus Fi Sí Agídìgbo

Ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù Theophilus Bọ́dúnrìn tó ń tún aago ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń tẹjú mọ́ inú aago. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1985, aago oníbátìrì ti gba ìgboro. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, á jù ú nù, á ra òmíràn. Theophilus kò ráhùn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, bí ẹni pé èrò ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Kì í sì í jáde láìmú àpò awọ kékeré kan dání, tí ẹ̀mú àti fáìlì tó fi ń yún irin wà nínú rẹ̀.

Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn àpò náà. “Bàbá Ṣẹ́gun, àríyá là ń lọ,” ló wí lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. “Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí.”

Theophilus rẹ́rìn-ín, ó sì ki àpò náà bọ inú agbádá.

Ayépé ni wọ́n ń lọ. Harold ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún fún bàbá rẹ̀. Harold ti pe àwọn ọ̀dọ́ onígìtá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni bàbá náà fúnra rẹ̀ béèrè: kí wọ́n bá òun pe Gbàdàmọ́sí ará Ibefun, tó lu agídìgbo níbi ìgbéyàwó òun.

Nígbà kan rí, bí wọ́n bá ti lè dárúkọ Gbàdàmọ́sí ní Odogbolu, agbo á ti kún kó tó dé. Lọ́jọ́ yìí, òun nìkan ló dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó gbé agídìgbo rẹ̀ tó fi aṣọ wé sí èjìká. Ó jókòó, ó gbé àpótí náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ahọ́n irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin kejì kò tíì parí tí ahọ́n tó wà láàárín fi dá.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olórí àwọn onígìtá dìde. “Ẹ sinmi, Bàbá. Ẹ ti gbìyànjú.”

Gbàdàmọ́sí gbé àpótí náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá irin tó dá nílẹ̀.

Theophilus kò mọ ìgbà tí òun kúrò lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Bàbá.”

“Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

“Aago ni mò ń tún ṣe, sà.”

“Èyí kì í ṣe aago.”

“Irin tó ń tẹ̀, tó tún ń padà sípò ni, Bàbá. Irú rẹ̀ ló wà nínú aago.”

Bàbá gbé àpótí náà lé e lọ́wọ́.

Aago ògiri kan wà ní pálọ̀ Harold tó ti kú tipẹ́. Theophilus tọrọ rẹ̀, Harold sì yọ̀ǹda. Ó rọra tú sípíríǹgì inú rẹ̀, ó gé e níwọ̀n, ó nà án, ó fi fáìlì yún ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ya Bàbá lọ́wọ́. Ó ki irin náà sáàárín àwọn yòókù, ó dè é.

Bàbá ta á. “Ohùn rẹ̀ ga jù.”

Theophilus fà á síta díẹ̀.

“Ó ti lọ sílẹ̀ jù báyìí.”

Ó rọra tì í wọlé, bí ẹni tí kò tilẹ̀ tì í rárá. Etí tó ti fi ń gbọ́ ìrìn aago láti ọjọ́ yìí wá ni ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí Bàbá tún ta á. Bàbá kò tíì sọ̀rọ̀ tí Theophilus fi gbé ọwọ́ kúrò, torí ó mọ̀ pé ohùn náà ti bọ́ sípò.

Ni Gbàdàmọ́sí bá bẹ̀rẹ̀. Kò lù ú kíkankíkan, ṣùgbọ́n gbogbo agbo yíjú sí i. Bàbá ọlọ́jọ́ ìbí fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó jó. Olórí àwọn onígìtá gbé gìtá sílẹ̀, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà náà, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Gbàdàmọ́sí dá orin, ó ní:

“Bọ́dúnrìn, irin gbọ́ tìrẹ,
o pè é, ó jẹ́,
Ayépé gbọ́, Ibefun á gbọ́.”

Orí Theophilus wú. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, kò sì sí ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ kọrin rí. Mọ́ṣádé dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó jó wá síwájú ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Kí oṣù náà tó parí, Gbàdàmọ́sí gbé agídìgbo rẹ̀ wá sí Fọlágbadé fúnra rẹ̀, pé kí Theophilus pààrọ̀ gbogbo ahọ́n rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó tì í, tí wọ́n ń ta á, tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, àwọn alágídìgbo mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti Odogbolu, láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Theophilus pe ẹni tó ń kọ pátákó kí ó bá òun fi “àti agídìgbo” kún orúkọ iṣẹ́ òun. Mọ́ṣádé dúró ti ọkùnrin náà títí tó fi kọ ọ́ tán, ó ní kí ó jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i.