Òwú Ọwọ́ Veerayi ní Òkúta Ààlà

Ní ìlú wa, bí wọ́n bá ti so òwú ọdún Ellaiyamman, ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí òwú bá wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta ààlà títí ọjọ́ mẹ́jọ yóò fi pé. Ellaiyamman ni òrìṣà tó ń ṣọ́ ìlú, ìyá la ń pè é. Ojúbọ rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun ìlú gan-an, ó kọjú sí ọ̀nà, òkúta ààlà kò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí i. Ẹni tó bá ń wọ ìlú, ojú ìyá ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Lọ́dún tó kọjá, Veerayi wà lára àwọn tí wọ́n so òwú fún. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Opó ni, agbẹ̀bí sì ni. Kò ga ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn tó dé agbègbè wa, ọwọ́ rẹ̀ ló gba ọ̀pọ̀ nínú wa sáyé. Òun fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló bí: Selvi. Selvi lọ sílé ọkọ ní Keelakulam, abúlé tó wà lẹ́yìn ààlà. Ọdún mẹ́fà kọjá, kò lóyún. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nídìí kànga, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí Veerayi bá ń kọjá. Ó lọ dúró níwájú Ellaiyamman, ó ní bí Selvi bá lè lóyún, òun yóò fi ọwọ́ òun méjèèjì gbé ìkòkò iná yí ìlú ká. Oyún náà dé.

Ilé ìyá ni obìnrin ti ń bí àkọ́bí lọ́dọ̀ wa. Selvi ti wá, ó ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá bímọ sí kò mọ́ tó láti ṣe ọdún ìyá, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò lè gbé iná ìyá. Veerayi ka oṣù lórí ìka, ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so òwú, ó dá Selvi padà sílé ọkọ.

"Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni," ó wí fún un. "Tí mo bá ti gbé iná tán, èmi fúnra mi ni n ó wá mú ọ."

"Ìyá mi, tó bá wá yá ńkọ́?"

"Ta ni agbẹ̀bí nínú wa, èmi àbí ìwọ?"

Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe.

Ní ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwa obìnrin wà lójúde ojúbọ, à ń so ewé dongoyaro mọ́ okùn. Veerayi ń fi ata ilẹ̀ pupa pa ìkòkò rẹ̀ lára. A gbọ́ fèrè katakata lọ́ọ̀ọ́kán, ẹni tó ń fun ún kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Katakata náà dúró ní òdìkejì òkúta ààlà. Chelladurai, ọkọ Selvi, ló wà á. Nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, Selvi dùbúlẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Ìyá wa, ẹ gbà wá!" Chelladurai ń sunkún. "A ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn láti àárọ̀, wọ́n ṣáà ń sọ pé ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni, ìyá wa. Ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ."

Veerayi sáré. Nígbà tó dé òkúta, ó dúró gbọnrangandan bí ẹni tó forí sọ ògiri.

Muniyandi, àwòrò ojúbọ, ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Veerayi ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn o! Chelladurai, ìwọ náà má wà á wọlé! Tí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí ìhín, ọdún bàjẹ́ fún gbogbo ìlú."

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, Muniyandi."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ lẹ fi tọrọ ọmọ inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá já a, kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹni tó fún yín?" Kì í ṣe ìkà. Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ: ẹni tó fúnni lè gbà á padà.

Rakkammal, ọ̀kan nínú àwa tó ń so ewé, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Ọmọ mélòó lẹ bí rí tẹ́ ẹ fi ń ṣòfin?" Kò sí òwú lọ́wọ́ tirẹ̀, ó fo òkúta kọjá, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Veerayi ń pàṣẹ láti ibi tó dúró sí. "Rakkammal, ẹ yí i padà! Kó kúnlẹ̀, kó fọwọ́ tilẹ̀! Ẹ má fa ọmọ o!"

"Ẹsẹ̀ ọmọ ti dúdú, Veerayi. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe!"

"Ìyá mi!" Selvi kígbe. "Ẹ wá! Ṣé ibẹ̀ lẹ máa dúró sí?"

Veerayi wo ẹ̀yìn, ó wo ojú ìyá lójúbọ. Ó yíjú padà.

"Chelladurai! Yí katakata yìí. Fi ẹ̀yìn wá, kí ìdí kẹ̀kẹ́ kan òkúta, kó má kọjá."

Ọ̀nà náà há. Bó ṣe ń yí i, táyà kan rọ́ sí etí kòtò, kẹ̀kẹ́ ẹrù fì, Selvi ké. Mo dijú. Nígbà tí mo là á, ìdí kẹ̀kẹ́ ti kan òkúta, Veerayi ti fi ìka ẹsẹ̀ ti òkúta níhìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ti kọjá!"

"Ẹsẹ̀ ni òfin dá lé."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Veerayi wo òwú ọwọ́ rẹ̀, tó ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọjọ́ tí wọ́n so ó. "Muniyandi, lọ bu omi gbígbóná wá."

Muniyandi dúró. Lẹ́yìn náà, ó lọ.

Ara ọmọ jáde dé èjìká, orí há. "Má tì í, Selvi. Mí. Mo ní kí o mí!" Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá Veerayi, a kò rí àwọ̀ òwú náà mọ́. Ó ki ìka bọ inú, ó fi í gbé àgbọ̀n ọmọ sókè díẹ̀díẹ̀. Orí jáde. Ọmọ náà, obìnrin, rí bí aṣọ aró. Kò ké.

"Pa ẹ́ńjìnnì yẹn!" Veerayi jágbe mọ́ Chelladurai.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó fi ìka nu ẹnu ọmọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún fẹ́. Ọmọ náà dún bí ológbò kékeré. Ó wá ké dáadáa. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ igbe ayọ̀, ṣùgbọ́n ó gé e, nítorí Veerayi kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọmọ lé Selvi láyà, ó fi omi tí Muniyandi bù wá fọ ọwọ́ rẹ̀ sí òdìkejì òkúta, ó sì nà án sí Muniyandi.

"Gé òwú yìí."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Ọwọ́ yìí kò mọ́ mọ́. N kò ní fi gbé iná ìyá, kí n wá máa díbọ́n. Gé e lójú rẹ̀."

Muniyandi fi ọ̀bẹ tó fi ń la àgbọn ojúbọ gé òwú náà. Ìgbà yẹn ni Veerayi tó sunkún. Ó bi í léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Tí ìyá bá wá gba ọmọ náà padà ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀," Muniyandi wí. Ó tú eérú ojúbọ tí a fi ń wúre fúnni, tó wà ní ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá òkúta, ó sì jẹ́ kí eérú náà máa dà díẹ̀díẹ̀ sí iwájú orí ọmọ, láì fọwọ́ kàn án. "Èyí nìkan ni mo ní."

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé láti ọ̀nà Keelakulam, ibi tó ti kọ́kọ́ wá wọn lọ. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a lọ o. Ta ni?"

Ìyá ọkọ Selvi fẹ́ dìde. Rakkammal dì í mú.

Veerayi nu ojú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá òkúta, ó sì wọ ọkọ̀.