Káàdì Ràfátù

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń gba ilẹ̀ oko, ni wọ́n kó àwọn tí ogun lé kúrò ní Borno wá sí ìjọ wa. Àwa kó àlòkù aṣọ fún wọn, a bá wọn ya fọ́tò, a sì gba ilé wa lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Màmá Ẹfúnkẹ́ nìkan ni kò lọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàngó kó tó fẹ̀yìn tì. Olóríkunkun ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó mú obìnrin kan nínú àwọn tí ogun lé náà, tó ń jẹ́ Yágánà, ó bá a wá yàrá sí Ìtèlé, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kí ìyá onílé láàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Yágánà ń wá: iṣẹ́ tí yóò fi lè lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjì kúrò ní káńpù ní Maiduguri.

Ilé iṣẹ́ oníke yẹn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní káàdì òṣìṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n a mọ bí a ṣe ń ṣe é ní Ṣàngó. Obìnrin tó bá bímọ yóò yá ẹlòmíràn ní káàdì rẹ̀, kó máa bá a ṣiṣẹ́ lọ, kí ààyè rẹ̀ má baà bọ́. Súpáfáísọ̀ mọ̀, ó kàn ń díbọ́n ni. Ràfátù, tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé Màmá, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, iṣẹ́ oníke yẹn nìkan ló sì fi ń bọ́ ilé. Màmá gba káàdì rẹ̀ fún Yágánà.

"Ràfátù lo ń jẹ́ láti òní lọ o. Bí wọ́n bá ti pè é, kí o yára dáhùn."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀rọ gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Yágánà.

Màmá ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ bá máníjà. Nígbà tí a débẹ̀, máníjà ti ránṣẹ́ pe Ràfátù, ìyẹn dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Iṣẹ́ yín ló ń ṣe tó fi fara pa, ọ̀gá," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ó lọ́mọ."

"Ràfátù ló wà nínú ìwé mi, ìka ẹ̀ sì pé mẹ́wàá," ni máníjà dáhùn. "Ta wá ni èyí? Tó bá jẹ́ Ràfátù ló yá a ní káàdì, iṣẹ́ tiẹ̀ náà tán lónìí. Ta ló fún un?"

Màmá la ẹnu. Ọmọ ẹ̀yìn Ràfátù bú sẹ́kún. Màmá pa ẹnu dé. Inú ń bí mi sí máníjà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

"Na me tif am, oga," ni Yágánà wí. "Dem no know."

Máníjà ní nítorí Ọlọ́run, òun kò ní pe ọlọ́pàá, kí olè káàdì sáà ti máa lọ. Yágánà kí Màmá, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì mọ́ àyà, ó sì jáde. Àwa mẹ́ta dúró síbẹ̀, a jẹ́ kó lọ.