Ẹ̀fọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Ní abúlé kan ní apá Idigny, ilé eléwé ni wọ́n ń pe ilé Barnabé. Ẹran kì í wọ ìkòkò wọn, ẹja kì í wọ̀ ọ́, edé gbígbẹ tí àwọn ẹlòmíràn ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ pàápàá, Thérèse, ìyàwó Barnabé, kì í fọwọ́ kàn án. Ọmọ alápatà ni Thérèse. Ìlú Kétou ni wọ́n ti bí i, ìfun àti àpòlúkù ló sì máa ń fọ̀ láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí Barnabé fẹ́ ẹ, ó sọ fún un pé òun lè dáko, òun lè pọn omi láti ibi tó bá jìnnà dé, ṣùgbọ́n òun kò ní se ẹran. Barnabé rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun yóò máa jẹ tòun níta. Ó sì ń jẹ ẹ́ níta lóòótọ́ fún ọdún díẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, kò rántí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìsìn. Kátólíìkì ni wọ́n, àlùfáà kò sì fi irú ẹ̀ lélẹ̀ fún wọn. Bí ẹnìkan bá bi Thérèse ní ìdí rẹ̀, ó máa ń sọ pé èyí tí òun fọwọ́ kàn nígbà èwe ti tó òun.

Ohun tí ilẹ̀ bá mú wá ni wọ́n ń jẹ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ewé ẹ̀wà ni, àti olú tó bá hù lẹ́bàá ọ̀gán. Àgbàdo tútù a tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ilá àti iṣu titun, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ká ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Thérèse fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irú tó ń lò. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà wá fún un, òun náà a fún wọn ní ẹ̀wà. Kò jẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò: èèpo ẹ̀wà fún ewúrẹ́ tí wọn kì í pa, omi tó fi fọ ẹ̀fọ́ fún ìdí ata ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ghislaine, tó ń ránṣọ ní Kétou. Òun ń jẹ ẹran. Bó bá wá kí wọn, a jẹ tirẹ̀ kó tó ti Kétou kúrò.

Ìgbà tó le jù fún ilé náà ni òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí ilẹ̀ gíga yìí omi jìnnà, ilẹ̀ pupa a sì gbẹ títí yóò fi là. Ilá gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ni Thérèse ń sè nígbà náà, lójoojúmọ́. Barnabé kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ewé tútù ni ọkàn rẹ̀ máa ń fẹ́, àgàgà yánrin, nítorí ìkorò rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni yánrin ti ń tutù ní àkókò yẹn, ìsàlẹ̀ oko Séidou, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ tí ọ̀rinrin kì í tètè kúrò.

Oko Séidou àti ti Barnabé jọ pààlà ni. Mùsùlùmí ni Séidou, ó kéré sí Barnabé lọ́jọ́ orí, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó já yánrin nínú oko rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í tọrọ rẹ̀ nínú oko ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ẹni tó bá já a ló ni ín. Bí olóko bá fi àálè sórí igi, ìbáà jẹ́ ìgbálẹ̀ tó ti jẹ, tàbí ṣùkù àgbàdo pẹ̀lú àkísà pupa, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ló ń dáàbò bò. Àwọn obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ a gba ẹ̀gbẹ́ àálè kọjá, wọn a já ewé wọn, wọn a sì kí olóko bí wọ́n bá pàdé rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ àwọn mùsùlùmí àti ààwẹ̀ Karẹ́mù tí àwọn Kátólíìkì ń gbà ṣáájú Àjíǹde bọ́ sí àkókò kan náà. Barnabé ti dàgbà kọjá ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì ń bèèrè ààwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Séidou fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó ń kọjá níwájú ilé wọn.

“Bàbá Ghislaine, ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹun ní gbogbo abúlé báyìí. Ẹ rọra o, kí ẹ má jẹ ìpín tiwa mọ́ ọn.”

“Ewé ni mò ń jẹ,” Barnabé dá a lóhùn. “Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ojú oòrùn nítorí ẹran alẹ́, ẹ̀yin ni kí wọ́n máa ṣọ́.”

Séidou fẹ́ gbin tòmátì sí ìsàlẹ̀ oko rẹ̀ kí òjò tó dé. Ata tirẹ̀ wà lókè, ó ń so. Láyé ìgbà kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ìbá fi ọkọ́ ro ìsàlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá sí Nàìjíríà, àwọn tó kù ń gun alùpùpù fún èrò ní Cotonou. Ẹni tó wà nílé ń gbààwẹ̀. Séidou ra oògùn apakoríko lọ́jà, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọn kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fọ́n ọn ní Ọjọ́bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó rò ó pé ó yẹ kí òun sọ fún àwọn obìnrin. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, ó sì kù díẹ̀ kó ṣínu. Ó wá so àálè mọ́ igi ní ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ náà, ó lọ sílé. Ní ọkàn rẹ̀, koríko náà yóò rọ kíákíá, ẹnikẹ́ni kò sì ní já ewé tó ti rọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, ewé náà kò tíì rọ. Thérèse dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, ó rí àálè, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó rí i pé ara yánrin náà tutù, inú rẹ̀ sì dùn, ó rò pé ìrì ni, ó sì ti pẹ́ tí ìrì ti sẹ̀ kẹ́yìn. Nílé, ó fi omi ṣan ewé náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ní àsìkò mìíràn ìbá ṣàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi wọ́n, ìkòkò omi sì ti fẹ́ gbẹ. Ó fi irú àti ẹ̀gúsí sè é, ó ro ọkà àgbàdo tì í. Òun ń gbààwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò tọ́ ọ wò. Barnabé nìkan ló jẹun, ó sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, ó ní Ọlọ́run ti rántí òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó ní ahọ́n ń ta òun, inú sì ń run òun. Thérèse rò pé ìkorò yánrin lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Barnabé bì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ dà bí ẹni pé ó fẹ́ balẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ̀kọ mọ́. Ó ní tí òun bá rí ohun tó ní ìtọ́wò díẹ̀, òun lè jẹ. Thérèse gbé ọbẹ̀ àná ka iná, ó sì bu ìyókù rẹ̀ fún un. Ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbìyànjú. Òun fúnra rẹ̀ fi irú àti ata jẹ ọkà tirẹ̀, kí ọbẹ̀ náà lè tó aláìsàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹnu Barnabé ti bó nínú. Kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Thérèse náà kò lọ. Nígbà tí Séidou gbọ́ pé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yá, ó wá kí i. Ó bèèrè ohun tó jẹ.

“Yánrin ni mo sè fún un,” ni Thérèse sọ.

“Yánrin ibo?”

“Ìsàlẹ̀ oko yín ni, Bàbá Asma. Ibo ló tún kù tí yánrin wà báyìí?”

Séidou fẹ́ jókòó sórí àpótí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

“Ìyá Ghislaine, ṣé ẹ ò rí àálè tí mo fi síbẹ̀ ni?”

“Mo rí i. Mi ò fọwọ́ kan ata yín, ẹyọ kan ṣoṣo.”

“Kì í ṣe torí ata. Oògùn ni mo fọ́n síbẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi sọ pé kí èèyàn má wọlé.”

Thérèse wo abọ́ tó ti fọ̀, tó dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un jẹ.”

Séidou ló wá alùpùpù, ó gbé Barnabé sáàárín ara rẹ̀ àti ẹni tó ń wà á, wọ́n sì gba ọ̀nà Kétou. Thérèse tẹ̀lé wọn lórí òmíràn. Dókítà gbọ́ ìròyìn wọn, ó wo ike oògùn tí Séidou mú dání, tí ìwé ara rẹ̀ ti ya, ó sì sọ pé ìgbà tí wọn ìbá fọ inú rẹ̀ ti kọjá. Kíndìnrín rẹ̀ ló ń da àwọn láàmú báyìí. Kò ṣèlérí ohunkóhun fún wọn. Ghislaine dé, ó sì gba ìtọ́jú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní kí aláìsàn máa mu omi ẹran kó lè ní agbára. Ghislaine se é wá láti ilé. Barnabé yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́.

“Wọ́n fẹ́ fún mi ní omi ẹran. Mo ní kí wọ́n lọ bi ọ́.”

“Mu ún,” ni Thérèse sọ.

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Ghislaine. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀, kò tíì gbé ohun tó jẹ mọ́ ẹran sún mọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ omi náà títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Barnabé gbà á sẹ́nu, kò lè gbé e mì, ó ṣàn jáde ní igun ètè rẹ̀. Thérèse nù ún, ó tún bu òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí Barnabé fi kú kí Karẹ́mù tó parí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ghislaine fẹ́ pe ọlọ́pàá sí Séidou. Ó ní ọkùnrin náà pa bàbá òun, kò sì yẹ kó máa rìn káàkiri. Baálẹ̀ pe gbogbo wọn jọ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde kúrò ní abúlé. Ghislaine ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ: kó sáà sọ pé òun kò rí àmì kankan. Kò sí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí Baálẹ̀ bi í, Thérèse dìde dúró. “Mo rí àálè náà,” ó ní. “Mo rí i, mo sì wọlé.”

Ghislaine kò pe ọlọ́pàá mọ́. Ó padà sí Kétou ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù bí àjọ̀dún bá dé, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í gùn.

Òjò rọ̀, tẹ̀tẹ̀ hù lójú ọ̀nà, yánrin hù níbi gbogbo. Àwọn obìnrin tó ń lọ já ẹ̀fọ́ ń ya ilé Thérèse, ó sì ń dá wọn lóhùn pé òun kò lọ. Ó máa ń bi wọ́n pé oko ta ni wọ́n fẹ́ dé, ṣé wọ́n ti bi olóko. Ọ̀rọ̀ náà sú wọn, wọn kò yà mọ́. Kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kéré, ìwọ̀nba ẹnu ẹnìkan. Àwọn ọjọ́ mìíràn, ẹ̀wà nìkan ló ń sè, ó sì máa ń gbàgbé láti jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Séidou wá. Kò wọlé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní òun ti wá àwọn tí yóò bá òun roko títí dé ìlú Adakplamè, òun kò rí, koríko sì ti bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

“Ọ̀la ni mo máa fọ́n ọn, Ìyá Ghislaine. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ìdí igi òrí tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé yín yẹn.”

“Títí dé ìdí òrí?”

“Títí débẹ̀. Mo máa tètè lọ, kí afẹ́fẹ́ tó dìde.”

Thérèse dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá sọ. Ó bèèrè àlàáfíà Asma, ọmọ rẹ̀, Séidou sì ní ara rẹ̀ le. Nígbà tó lọ tán, Thérèse kó àwọn ògbólógbòó aṣọ Barnabé jáde, ó sì lọ fi wọ́n bo tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ tó ṣú.